Kókó Méjìdínlógún Tirẹ̀, Kókó Mẹ́rin Tèmi

Àpá tó wà ní ikùn mi gùn ju rúlà tí mo fi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì mi lọ díẹ̀. Mo wọ̀n ọ́n. Ẹ má bi mí ìdí tí ọkùnrin ọdún mẹ́tàléláàádọ́ta fi máa dúró síwájú dígí pẹ̀lú rúlà lọ́wọ́, mo máa sọ ọ́ fúnra mi: owú ni. Ọkùnrin kan wà tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní ọ̀sẹ̀ kan náà pẹ̀lú mi, fún àìsàn kan náà, nínú wọ́ọ̀dù kan náà, tó sì jẹ́ pé ihò kéékèèké mẹ́rin péré ló wà ní ikùn tirẹ̀, bíi pé ẹ̀fọn jẹ ẹ́. Mo jowú ọkùnrin yẹn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ ẹlòmíì jẹ́. Ẹ̀yin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ fún pé jẹjẹrẹ wà nínú ìfun yín, àti ẹ̀yin tí ẹ̀rù ń bà pé òun ni, ẹ̀yin ni mo ń kọ èyí sí. Ẹ rẹ́rìn-ín níbi tó bá ti pa yín lẹ́rìn-ín. Èmi náà ń rẹ́rìn-ín báyìí, torí pé ẹ̀rín kò fa okùn tí wọ́n fi rán ikùn mi mọ́.

Tíṣà ni mí. Ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Okokomaiko, ìyàwó mi Bọ́sẹ̀, ìyá Ṣadé ọmọ wa, sì ń rán aṣọ ní ìsọ̀ kékeré kan ní Igbó-Elérin. Iba là ń gbé, láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tí wọ́n máa ń gbé orin sókè bíi pé adití ni gbogbo àdúgbò. Ẹnì kan tún wà tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, Àǹtí Sídì, tí wọ́n ń gbé nínú ilé baba wa ní ìlú Ọjọ́. Àwọn ló tọ́ mi dàgbà nígbà tí ìyá wa kú. Wọn kò bímọ, nítorí náà èmi ni àbúrò, èmi náà ni ọmọ, mo sì ń jẹ ìyà ipò méjèèjì.

Ẹ̀jẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí lẹ́yìn ìgbọ̀nsẹ̀, díẹ̀, pupa fòò. Mo sọ fún Bọ́sẹ̀, Bọ́sẹ̀ sọ fún Àǹtí Sídì, kí ọjọ́ náà tó parí gbogbo ẹbí ti fẹnu kò sí i pé jẹ̀díjẹ̀dí ni.

"Ṣúgà ló pọ̀ jù lẹ́nu Mùfú," ni Àǹtí Sídì wí. "Láti kékeré ló ti máa ń jí mílíìkì inú agolo lá. Ó rò pé n kò mọ̀."

Wọ́n gbé àgbo jẹ̀dí wá nínú ìgò ńlá kan. Mo mu ún. Ó korò débi pé mo gbà pé kò lè ṣe kó má ṣiṣẹ́. Ẹ̀jẹ̀ náà á lọ fún ọ̀sẹ̀ kan, á tún padà wá. Nígbà tó yá, ìgbẹ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín bíi pẹ́ńsù. Mo lè lo ọjọ́ mẹ́rin láìyàgbẹ́, ní ọjọ́ karùn-ún màá sáré jáde ní kíláàsì lẹ́ẹ̀mẹta kí aago tó lù. Ọmọ kan tí kò bẹ̀rù Ọlọ́run ya àwòrán mi sára bọ́ọ̀dù, èmi tí mo di sòkòtò mú, tí mo ń sáré tọ ilẹ̀kùn ilé ìgbẹ́ lọ. Ó yà á dáadáa. Mo ní kó pa á rẹ́, ṣùgbọ́n mo kọ́kọ́ wò ó pẹ́, torí mo rí i pé ọrùn ọkùnrin inú àwòrán náà ti rù. Ọrùn mi ni. Mo ti lu ihò tuntun mẹ́ta sára bẹ́líìtì mi láìrò ó sí nǹkan kan.

Pásítọ̀ ìjọ tí Bọ́sẹ̀ ń lọ fi òróró ránṣẹ́ sí mi. Olùkọ́ ìṣirò kan ní ọ́fíìsì wa ta tíì kan fún mi, ó ní ó ń fọ ìfun bíi pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì ha á. Mo ń mu àgbo láàárọ̀, mo ń mu tíì lọ́sàn-án, mo ń tọ́ òróró lá kí n tó sùn, torí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú wọn bínú sí mi. Ó lé lọ́dún kan tí mo fi wà lórí pé kí àwọn olóògùn mi má jà, tí nǹkan ọ̀hún sì ń tóbi sí i nínú mi. Ìkìlọ̀ àkọ́kọ́ tí mo ní fún yín nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ń jáde láti ìdí èèyàn, ẹ má ṣe jókòó sílé sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ gbé e lọ síbi tí wọ́n á ti fi ojú rí ibi tó ti ń wá.

Níbi àpéjọ òwúrọ̀ ni mo ti ṣubú, níwájú gbogbo iléèwé. Nígbà tí wọ́n gbé mi dé ilé ìwòsàn, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ara mi ti lọ sílẹ̀ gan-an. Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ sí mi lára, lẹ́yìn náà wọ́n ti kámẹ́rà gba ìdí mi wọlé. Ẹ má bẹ̀rù kámẹ́rà yẹn. Ìtìjú rẹ̀ ju ìrora rẹ̀ lọ. Wọ́n rí iwú kan ní apá òsì ìfun ńlá mi, wọ́n bù díẹ̀ nínú rẹ̀ lọ yẹ̀ wò, èsì sì dé pé jẹjẹrẹ ni.

Bí a ṣe kúrò níwájú dókítà lọ́jọ́ yẹn, n kò rántí. Mo kàn rántí pé Bọ́sẹ̀ dì mí lọ́wọ́ mú títí a fi dé Okoko, obìnrin tí kì í dì mí lọ́wọ́ mú níta torí ó ní ọwọ́ mi máa ń kún fún ẹfun.

Ilé ìwòsàn ńlá tí wọ́n darí wa sí, ìwé kan wà lórí tábìlì níbẹ̀ tí èèyàn máa kọ orúkọ rẹ̀ sí bó bá ṣe ń dé. Àwa máa ń kúrò ní Iba nígbà tí ojúmọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń là, èmi àti Bọ́sẹ̀, àti Àǹtí Sídì pẹ̀lú ẹní wọn àti fúláàsìkì omi gbígbóná. Síbẹ̀, bó ti wù ká tètè dé tó, orúkọ kan máa ń wà lókè tèmi: Gbóyèga.

Ọmọ Ẹ̀gbá ni, láti Ìfọ̀, ó ń ta ẹ̀rọ gbohùngbohùn ní Alaba. Ó kéré sí mi ní ọdún mẹ́fà. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kò tíì rù, bàtà rẹ̀ funfun, kò sì sí ẹni tó ń tẹ̀lé e. Á dá wá, á dá lọ, ọwọ́ nínú àpò, bí ẹni tó wá gba páálí ọjà. Èmi ń wọ́ ẹbí kiri bí ẹni tó fẹ́ rìnrìn àjò lọ sí Mẹ́kà, òun ń rìn fẹ̀rẹ̀fẹ̀rẹ̀. Owú mi bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀.

"Tíṣà, ẹ kú àárọ̀ o," ni yóò wí. "Ẹ tún ti kó gbogbo ilé wá."

"Ìwọ ńkọ́? Ṣé inú ọgbà yìí lò ń sùn ni, tí o fi máa ń jẹ́ ẹni àkọ́kọ́?"

"Inú mọ́tò mi ni, ní iwájú géètì."

Mo rò pé ó ń bá mi ṣàwàdà ni.

Òun ni wọ́n kọ́kọ́ pè wọlé. Nígbà tó jáde, ó ní iṣẹ́ abẹ oníhò ni wọ́n máa ṣe fún òun: wọ́n á lu ihò díẹ̀ sí ikùn, wọ́n á ti kámẹ́rà àti irinṣẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ wọlé, wọn kò ní í là á. Mo wọlé pẹ̀lú ìdánilójú pé tèmi náà nìyẹn.

Dókítà tó máa ṣe iṣẹ́ náà kéré sí mi, ó sì ní sùúrù. Ó ní, "Ẹ ti ṣe iṣẹ́ abẹ inú rí. Apẹ́ńdíìsì tó bẹ́."

"Mo ṣì wà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì nígbà yẹn."

"Ó ti pẹ́ o, ṣùgbọ́n ìfun yín ti lẹ̀ mọ́ ara wọn káàkiri. Bí mo bá ní kí n gba ihò wọlé, mo lè gún ohun tí n kò rí. Màá là á ni."

"Gbóyè tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ńkọ́?"

"Ikùn ẹlòmíì kọ́ là ń sọ, Tíṣà."

"Ṣé ti oníhò kò wá dára ju tèmi lọ ni?"

Ó gbé pẹ́ẹ̀nì rẹ̀ sílẹ̀. "Bí egbò bá wà lẹ́sẹ̀ yín, ṣé kókó kì í yọ ní abẹ́ itan yín?"

Mo ní ó máa ń yọ.

"Irú kókó bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rá tó so mọ́ ìfun. Òmíràn nínú wọn kò tó hóró ẹ̀wà. Bí àìsàn yìí bá fẹ́ jáde kúrò nínú ìfun, ọ̀dọ̀ wọn ló sábà máa ń gbà kọjá, bí ọkọ̀ tó fẹ́ jáde ní àdúgbò yín ṣe máa gba géètì. A máa gé ibi tí iwú wà, a sì máa gé ọ̀rá tó so mọ́ ọn, pẹ̀lú gbogbo kókó inú rẹ̀. Bóyá ihò la gbà wọlé ni o, bóyá a là á ni o, ọ̀rá kan náà la máa gé. Ìta ara ló yàtọ̀: ẹni tí wọ́n lu ihò fún máa ń tètè dìde, ìrora rẹ̀ sì máa ń dínkù. Lẹ́yìn náà, ilé àyẹ̀wò á ṣa àwọn kókó náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n á wò wọ́n. A máa ń fẹ́ kí wọ́n rí méjìlá, ó kéré tán. Bí gbogbo wọn bá mọ́, ọkàn wa á balẹ̀. Bí ọ̀kan bá ti bàjẹ́, a mọ̀ pé iṣẹ́ ṣì kù."

Àlàyé tó yè kooro. Ọmọ kíláàsì mi tó bá gbọ́ irú rẹ̀ tí kò lè sọ ọ́ padà, màá ní kó dìde dúró. Èmi rèé, ihò Gbóyè ni mo ń rò ní gbogbo ìgbà tí ọmọkùnrin náà fi ń sọ̀rọ̀. Mo jáde, Àǹtí Sídì bi mí pé kí ni dókítà wí. Mo ní, "Wọ́n máa gé ibi tó wú, wọ́n á gbé e lọ yẹ̀ wò." Ó tán. N kò dárúkọ ọ̀rá, n kò sọ pé kókó kankan wà nínú ọ̀rá. Inú ń bí mi.

Ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ dá owó, Bọ́sẹ̀ ta èyí tó dára jù nínú ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, wọ́n sì ṣe iṣẹ́ náà. Gbóyè ṣe tirẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, èmi ṣe tèmi lọ́jọ́ Jímọ̀. Ní ilé ìwòsàn yẹn, ará ilé aláìsàn ló máa ń gbé ohun tí wọ́n bá gé lọ sí ilé àyẹ̀wò, nínú ike oníderí tí wọ́n bu omi oògùn sí kó má baà jẹrà. Nígbà tí wọ́n ṣe tán lára mi, ilé àyẹ̀wò ti ti ilẹ̀kùn, ó di Mọ́ńdè. Bọ́sẹ̀ kò lè fi mí sílẹ̀. Àǹtí Sídì ló gbé ike náà lọ sí Ọjọ́, àwọn náà ló sì gbé e padà lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè. Èmi kò mọ̀ sí gbogbo rẹ̀. Mo ń sùn.

Ìjí tí mo jí, Gbóyè ni mo rí. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ kọjú sí tèmi, ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì, ó di irin dírípù mú bíi pé ọ̀pá àṣẹ ni.

"Tíṣà, ẹ kú ewu o."

Mo fẹ́ dá a lóhùn, ikọ́ mú mi. Ẹ̀yin tí wọ́n máa là ní ikùn, ẹ gbé ìrọ̀rí sítòsí, kí ẹ dì í mọ́ ikùn bí ikọ́ bá ti ń bọ̀. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi. Omi bọ́ lójú mi, Gbóyè sì ń wò mí.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ àkọsílẹ̀ lórí rẹ̀ nínú ọkàn mi. Gbóyè ti rìn dé ilé ìwẹ̀, èmi kò tíì lè jókòó. Gbóyè ti ń só, nọ́ọ̀sì ń kí i kú oríire, ìfun tèmi kò sọ nǹkan kan. Nígbà tí wọ́n wá yí báńdéèjì rẹ̀, mo na ọrùn láti kà á. Pílásítà mẹ́rin. Tèmi ń ṣọyún nísàlẹ̀, wọ́n ń fọ̀ ọ́ lójoojúmọ́.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ẹ̀kọ. Bọ́sẹ̀ á gbé ẹ̀kọ gbígbóná wá láti ilé, á bu tèmi, á sì kọjá lọ bu ìyókù sínú kọ́ọ̀bù Gbóyè. Lójú mi báyìí.

"Ṣé kò ní ilé ni?" mo bi í.

"Mi ò rí ẹni tó ń gbé oúnjẹ wá fún un, Bàbá Ṣadé."

"Ẹni tí ara rẹ̀ yá bẹ́ẹ̀, kó lọ se ẹ̀kọ fúnra rẹ̀."

"Ẹ mu tiyín kó tó tutù, ẹ jọ̀ọ́. Owú ẹ̀kọ lẹ wá ń jẹ báyìí."

Gbóyè gbọ́. Ó gbé kọ́ọ̀bù rẹ̀ sókè sí mi. "Tíṣà, ẹ rọra bínú o. Okùn yín á já."

Ó lọ sílé lọ́jọ́ kẹsàn-án. Èmi lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni wọ́n pè wá fún èsì. Òun ni wọ́n tún kọ́kọ́ pè. Ó jáde, ó fi ìwé náà hàn mí láìbéèrè: kókó méjìdínlógún ni wọ́n rí, kò sí ọ̀kan tó bàjẹ́. Mo kí i. Ẹnu mi ló kí i.

Tèmi, kókó mẹ́rin. Àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́, ṣùgbọ́n ojú dókítà kò mọ́. Ó ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

"Mẹ́rin kéré jù," ó ní. "N kò lè fi mẹ́rin sọ fún yín pé kò sí nǹkan. Ó lè jẹ́ pé inú ìkarùn-ún ni nǹkan wà."

"Níbo ni àwọn tó kù wà?"

"Mo gé ọ̀rá tó pọ̀. Mo fi ọwọ́ mi gbé e." Ó tún wo ìwé náà. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé ọ̀rá tó dé ọwọ́ wọn kò tó nǹkan."

Ìdáhùn tèmi ti wà nílẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ kò dé inú mi dáadáa ni. Fún Gbóyè, ó ti kámẹ́rà wọlé, ó rí gbogbo igun. Fún èmi, ó fi ọ̀bẹ là mí bí ẹja, ó mú èyí tó bá rí, ó rán mi pa. Mo dé Iba, n kò lè jẹun. Òru àti ọ̀sán, mo ń ka àwọn kókó tó kù nínú mi. Kò sí ohun tó bani lẹ́rù tó pé ká mọ̀ pé nǹkan wà lára ẹni tí ẹni tó yẹ kó mú un jáde kò mú un, kí ọkùnrin kan sì wà ní Alaba tí tirẹ̀ pé.

Mo jókòó, mo kọ lẹ́tà. Ojú ewé mẹ́ta, sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà. Mo kọ ọ́ bí tíṣà ṣe ń kọ lẹ́tà, kò sí ibi tí wọ́n lè fi pẹ́ẹ̀nì pupa kàn. Mo ní dókítà yìí kò mọ iṣẹ́, pé kí wọ́n dá a dúró kó tó pa ẹlòmíì. Ní ọjọ́ Àìkú, mo gbé e lọ sí Ọjọ́ kí n kà á fún ẹbí kí n tó fi ránṣẹ́. A jókòó lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ igi àgbọn, èmi àti Bọ́sẹ̀ àti Àǹtí Sídì. Mo dìde dúró, mo kà á. Ohùn mi gbọ̀n níbi tó yẹ kó gbọ̀n.

Mo ti dé ojú ewé kejì nígbà tí Àǹtí Sídì ní, "Mùfú, dúró ná. Dókítà tí ò ń bú yìí, ṣé wọ́n á lé e lẹ́nu iṣẹ́?"

"Ó yẹ kí wọ́n lé e."

"Ṣé ó ní ọmọ?"

"Kí ló kàn mí nínú ìyẹn, ẹ̀gbọ́n mi? Ó fi ọ̀rá sílẹ̀ nínú mi."

"Kò fi í sílẹ̀." Wọ́n ń fi ìka yí etí ìborùn wọn. "Ọ̀rá yẹn, ó wà nínú ike. Èmi ni mo gé e."

Mo wo Bọ́sẹ̀, Bọ́sẹ̀ ń wo ilẹ̀.

"Ẹ gé e, ẹ gbé e síbo?"

Wọ́n fi ẹnu júwe ẹ̀yìn mi. "Ìdí àgbọn yẹn. Ibẹ̀ ni wọ́n sin ibi rẹ sí lọ́jọ́ tí wọ́n bí ọ. Mo ṣí ike náà kí n lè mọ ohun tí mo gbé wọ ilé baba mi. Mo rí ibi tó wú, kò dára lójú. Mo rí ọ̀rá, ọ̀rá tó mọ́, kò sí àìsàn kankan lára rẹ̀. Mo ní, èyí tó ń ṣàìsàn ni wọ́n fẹ́ wò, ẹnu rẹ ni mo ti gbọ́ ọ. Èyí tó dára, kí ló máa wá ṣe ní ààtàn tí a kò mọ̀? Ara ọmọ ìyá mi ni. Mo fi aṣọ funfun wé e, mo ṣe bísímílà, mo sin ín."

"Ọ̀bẹ wo lẹ fi gé e?" N kò mọ ìdí tí mo fi bi í.

"Ọ̀bẹ Iléyá. Mo fọ̀ ọ́ dáadáa."

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé fún ẹni tí kò mọ Àǹtí Sídì. Ó ti lé lọ́gbọ̀n ọdún tó jẹ́ pé àgbò tí a bá rà ní Alaba Rago, àwọn ló ń tún ìfun rẹ̀ ṣe. Ọwọ́ wọn já fáfá. Wọn kì í fi ọ̀rá kan sílẹ̀ lára ìfun. Pé àwọn kókó mẹ́rin tiẹ̀ dé ilé àyẹ̀wò, ojú wọn tó ti ń ṣe bàìbàì ló fà á.

Bọ́sẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ó sì ń sunkún lọ́wọ́ kan náà. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo rántí àga tí mo jókòó sí níwájú dókítà, mo rántí hóró ẹ̀wà àti géètì, mo rántí gbogbo ohun tí n kò sọ fún wọn nítorí pé ihò Gbóyè ló gbà mí lọ́kàn. Nígbà tí mo fi máa gbé ojú sókè, Àǹtí Sídì ti mú ọkọ́ jáde láti ilé ìdáná, wọ́n kọjú sí ìdí àgbọn.

"Ẹ gbé e sílẹ̀," mo ní. "Ẹ jọ̀ọ́."

A jọ lọ bá dókítà náà ni. Àǹtí Sídì ló sọ ọ́, wọ́n dúró sọ ọ́, wọn kò jókòó. Ọmọkùnrin náà gbọ́ ọ tán. Ó wá ní, "Màmá, ẹ ṣeun. Láti ọjọ́ èsì yẹn ni mo ti ń wo ọwọ́ ara mi."

Wọ́n bi í pé bí a bá hú u ńkọ́. Ó ní ilẹ̀ ti gbà á, kò sí ohun tí ilé àyẹ̀wò lè rí nínú rẹ̀ mọ́. Nítorí pé a kò mọ bí àwọn kókó tó kù ṣe rí, ó ní ká ṣe bí ẹni tó bẹ̀rù: kí n gba oògùn inú dírípù fún oṣù mẹ́fà. Ká ní wọ́n pé méjìlá tí gbogbo wọn mọ́, bóyá n kì bá tí gba ẹyọ kan. Gbóyè kò gba ẹyọ kan.

Oṣù mẹ́fà yẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Omi tútù ń gún mi lọ́wọ́ bí abẹ́rẹ́, n kò lè mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà dání. Ẹfun ń bọ́ lọ́wọ́ mi. Oúnjẹ ń dùn lẹ́nu bí irin. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn dírípù kọ̀ọ̀kan, n kì í fẹ́ gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n ó ṣeé gbà, ó sì ń tán. Àǹtí Sídì kò pa ẹyọ kan jẹ nínú ìrìn náà, àwọn àti fúláàsìkì wọn. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé ohunkóhun wá sítòsí mi, màá ní, "Nọ́ọ̀sì, ẹ má jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n mi gbé e o, wọ́n á sin ín." Àǹtí Sídì á ní, "Ìwọ ni màá sin." Bí a ṣe ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ara wa nìyẹn.

Lọ́jọ́ kan tí dírípù ń kán lára mi, Gbóyè yọjú. Ó wá fún àyẹ̀wò tirẹ̀. Ó ti sanra, bàtà rẹ̀ ṣì funfun. Owú gbé mi dìde jókòó. Mo sọ ìtàn ọ̀rá fún un, mo sọ ọ́ dáadáa, mo fi ọ̀bẹ Iléyá kún un, kó lè rẹ́rìn-ín kó sì lọ.

Kò rẹ́rìn-ín. Ó jókòó sí etí bẹ́ẹ̀dì mi.

"Ẹ mọ ẹni tó gbé tèmi lọ?" ó bi mí. "Ọ̀kan nínú àwọn tó ń ti bẹ́ẹ̀dì kiri. Mo bẹ̀ ẹ́ kí n tó wọ yàrá iṣẹ́ abẹ. N kò mọ orúkọ rẹ̀. Ìyàwó mi ti kó àwọn ọmọ lọ láti ọdún kẹta, kò sẹ́ni tí mo sọ fún ní Ìfọ̀. Ọkùnrin náà gbé ike náà lọ bó ṣe wà. Kò ṣí i. Kí ló fẹ́ wò níbẹ̀? Tíṣà, ẹ̀kọ ìyàwó yín yẹn, bí mo bá ti ń mu ún báyìí, mo máa ń wò yín lórí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lú ẹni méjì tó ń jà lórí ta ni yóò fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí yín, inú á máa bí mi sí yín. Mo ní kí ló dé tí ti ọkùnrin yìí fi pé."

Mo ní kó mú abẹ̀bẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yẹn, kó máa fẹ́ ẹ sí mi, níwọ̀n ìgbà tó ti jókòó. Ó fẹ́ ẹ.

Ó ti lé lọ́dún méjì báyìí tí mo ti gba dírípù tó kẹ́yìn. Mo ń lọ fún àyẹ̀wò bí wọ́n bá ṣe dá a fún mi, àwòrán tó kẹ́yìn mọ́. Ọmọ ìka ẹsẹ̀ mi ṣì máa ń kú bíi pé wọn kì í ṣe tèmi. N kò tíì lè gbé nǹkan tó wúwo. Dókítà náà ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, lẹ́tà ojú ewé mẹ́ta náà sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, kó lè máa rán mi létí irú èèyàn tí mo jẹ́.

Bí wọ́n bá ní àwọn máa là yín, ẹ jẹ́ kí wọ́n là yín. Bí wọ́n bá ní ihò ni, ẹ dúpẹ́. Ohun tó yẹ kí ẹ bèèrè ni iye kókó tí wọ́n rí. Ẹ sọ fún àwọn ará ilé yín kí ọjọ́ iṣẹ́ abẹ tó pé, ẹ sọ ọ́ ní kíkún, pé gbogbo ohun tó wà nínú ike ni wọ́n fẹ́ wò, àtèyí tó wú, àtèyí tó mọ́, àti pé kí ẹnikẹ́ni tó fẹ́ràn yín má ṣe ṣí i.

Iléyá tó kọjá, a pa àgbò ní Ọjọ́. Gbóyè wà níbẹ̀, láti ọjọ́ abẹ̀bẹ̀ yẹn, kì í pa ọjọ́ Àìkú kan jẹ níbẹ̀ mọ́. Àǹtí Sídì yan ẹ̀dọ̀ àgbò náà, wọ́n gé e sí méjì, wọ́n sì gbé èyí tó tóbi sínú àwo Gbóyè. Mo wo àwo rẹ̀, mo wo tèmi.

"Mùfú, kí lò ń wò?" wọ́n bi mí. "Owú náà ni?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Máa jẹ ẹran rẹ," ni wọ́n wí, wọ́n sì fà lára ti Gbóyè, wọ́n fi kún tèmi.